Ọjọ́ Eré Kò Gbọdọ̀ Di Ọjọ́ Gbèsè

Ní ilẹ̀ Èkìtì, bí ènìyàn bá kó ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn aládùúgbò yóò bi í ni pé, "Ṣé kò sí?" Bí ó bá dáhùn pé kò sí, wọn yóò béèrè òkú ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ sin, tàbí ọmọ ẹni tí ó ń gbé ìyàwó. Bí ó bá wá sọ pé kì í ṣe òkú, kì í ṣe ìyàwó, pé òun àti àwọn ará ilé òun kàn fẹ́ lọ ṣeré ni, wọn yóò wò ó láti òkè dé ilẹ̀, wọn yóò sì máa sọ láàárín ara wọn pé owó ti wọ ọwọ́ rẹ̀. Ohun méjì ni ó wà lọ́kàn wọn. Èkíní ni pé eré kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀. Èkejì ni pé olówó nìkan ni irú rẹ̀ tọ́ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n bá wọn jiyàn díẹ̀, nítorí mo ti kó àwọn ará ilé mi jáde láti Ayébọ̀dé lọ ṣeré ní ọjọ́ kan ṣoṣo, a sì padà wálé láìjẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ní ti èkíní, àwọn baba wa kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún Onírè, kò jìnnà sí wa. Àwọn àgbà ilé wa a máa ròyìn bí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà tiwọn ti ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ìlú kan dé èkejì láti lọ wòran ọdún. Wọn yóò di ẹ̀kọ àti iṣu sísun dání, ọmọdé yóò máa sáré níwájú, àgbà yóò máa bọ̀ lẹ́yìn, orin kò sì ní tán lẹ́nu wọn títí wọn yóò fi dé. Ta ni yóò sọ fún mi pé èyí kì í ṣe ìrìn-àjò ìgbádùn? Àwa tí a kàwé ni a gbàgbé. A wá ń rò pé àwọn òyìnbó ni ó dá irú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà a kò lè ṣe é bí a kò bá ní owó òyìnbó.

Àwọn òyìnbó náà, ohun kan náà ni wọ́n ń wá. Ọ̀gbẹ́ni Walt Disney, ará Amẹ́ríkà tí ó lókìkí nínú ṣíṣe àwòrán tí ń rìn, sọ pé òun jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà kan ní Los Angeles, òun ń wo àwọn ọmọbìnrin òun méjèèjì bí wọ́n ti ń gun ẹṣin onígi tí ń yí po, ni èrò sọ sí òun lọ́kàn pé ó yẹ kí ibì kan wà tí òbí àti ọmọ yóò ti jọ máa ṣeré. Ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1955 ni ó ṣí ọgbà ìṣeré ńlá tirẹ̀, Disneyland, ní ìlú Anaheim. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ẹ̀rọ tí ń yí àti ọkọ̀ tí ń gun òkè ayédèrú kọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ìdí ọ̀rọ̀ náà ni pé kí òbí má kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tí ó bá mú ìdí yìí dání lè ṣe ọjọ́ eré níbikíbi. Ẹni tí ó bá sì sọ ọ́ nù, bí ó tilẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ dé Anaheim, iwájú ẹ̀rọ ni yóò jókòó sí tí yóò máa ka owó.

Olùkọ́ ni mí, owó oṣù olùkọ́ kò sì ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín. Nígbà ìsinmi ọdún tí mò ń sọ yìí, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́rin wà nílé ní Ayébọ̀dé lọ́dọ̀ ìyá mi. Ọmọ wa kejì ti rí àwòrán ọgbà ìṣeré kan ní Èkó, níbi tí kẹ̀kẹ́ ńlá kan ti ń gbé ènìyàn yí po ní òkè réré. Láti ọjọ́ náà, bí ó ti ń jẹun ni ó ń fi ṣíbí yí po nínú àwo. Mo mú ìwé, mo sì ṣírò rẹ̀. Èkó kò ṣeé lọ kí a sì padà ní ọjọ́ kan láti Ayébọ̀dé. A ó sùn níbẹ̀, sísùn ènìyàn méje sì ju owó kẹ̀kẹ́ lọ. Mo wo ọgbà Àgọ́dì ní Ìbàdàn. Èyí pẹ̀lú, inú ọkọ̀ ni a ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà. Ọjọ́ eré ni à ń wá, kì í ṣe ọjọ́ ìjókòó nínú ọkọ̀. Ni mo bá ní kí a lọ sí ìsun omi gbígbóná Ìkógòsì, tí ó wà nínú Èkìtì wa yìí, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì kò sì dé rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe lẹ́yìn èyí ni pé mo pe gbogbo ilé jọ, mo sì tẹ́ owó náà sílẹ̀ ní gbangba. Àwọn baba kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ mọ iye tí ó wà nínú àpò. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n rò pé àwọn ń fi pa mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ ìwọ̀n àpò kò lè mọ ìwọ̀n ìbéèrè. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mo ní 45,000 náírà tí mo ti ń yọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó mi mú 20,000 wá nínú àjọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Àwọn ọmọ fọ́ kólo wọn, 4,000 náírà ni ó jáde. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 69,000. A fi ẹnu kò pé a kò ní fi ọwọ́ kan owó ilé ìwé, a kò sì ní yá kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni a wá kọ ìnáwó sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú rí láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo ọkọ̀ tí a ń rà ní nǹkan bí 190 náírà ní lítà kan kọjá 480, kò sì dúró níbẹ̀. Owó ọkọ̀ ni ó wá di òkè tí gbogbo ètò ìrìn-àjò ń kọsẹ̀ sí. A yẹ ọ̀nà méjì wò. Bí a bá ń wọ ọkọ̀ èrò, a ó san owó ènìyàn méje dé Adó, a ó san án dé Arámọkọ, a ó tún wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa wọ Ìkógòsì, bákan náà ni ní àbọ̀. Ènìyàn méjì lè jèrè nínú èyí. Ènìyàn méje kò lè jèrè. Nítorí náà a bá awakọ̀ kan tí a mọ̀ sọ̀rọ̀ pé kí ó fi Sienna rẹ̀ gbé wa lọ gbé wa bọ̀. Owó rẹ̀ àti owó epo jẹ́ 42,500 náírà. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ti lọ ní oṣù náà gan-an nípa owó ẹnu ọ̀nà, nítorí irú owó yẹn kì í dúró lójú kan, mo sì ya 14,000 sọ́tọ̀ fún àwa méjèèje. Ìyàwó mi ní 10,000 yóò tó fún oúnjẹ. Ó ṣẹ́ ku 2,500 fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Owó yìí kéré jù. Bí táyà bá jò lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán.

Ibi tí a ti ń ronú sí i ni ìyá mi ti gbé orí sókè. Ó ní, "Ọkọ mi, gbogbo ohun tí ẹ kà ni mo gbọ́. Ẹ yọ tèmi kúrò. Kí ni arúgbó ń wá lọ sí ibi eré? Owó tèmi, ẹ fi kún ti táyà."

Ilé dákẹ́. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Èkìtì ni ó gbé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó ti ń gbọ́ orúkọ Ìkógòsì tipẹ́tipẹ́, kò sì dé ibẹ̀ rí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní agbára, epo pupa ni ó ń rù lọ sí ọjà Ìkọ̀lé, owó epo náà ni a fi ń kàwé. Bí a bá ní kí ó wá wo nǹkan, yóò ní kí a kọ́kọ́ jáde ìwé mẹ́wàá. Bí a ti jáde ìwé mẹ́wàá, yóò ní ó ku yunifásítì. Ó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò láti ogójì ọdún sẹ́yìn kí tiwa lè tó, ó sì tún ń yọ ara rẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára. Bí mo bá jẹ́ kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ni mo kàwé fún?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìkan kọ́ ni mo fi dá a lóhùn. Ìṣirò ni. Mo fi hàn wọ́n nínú ìwé pé ohun tí a ó rí nínú yíyọ Ìyá kò ju 2,000 náírà owó ẹnu ọ̀nà lọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba oúnjẹ tí ẹnu arúgbó lè jẹ. Awakọ̀ kò ní dín owó rẹ̀ nítorí pé àga kan ṣófo. Bí a bá jẹ́ méje, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú owó ọkọ̀ jẹ́ 6,000 ó lé díẹ̀. Bí a bá jẹ́ mẹ́fà, ó di 7,000 ó lé. Ẹni tí a fi sílẹ̀ kò sọ ìrìn-àjò di pọ́ọ́kú. Ó kàn sọ ìpín àwọn tó lọ di ńlá ni. Ìyàwó mi sì gbà á lẹ́nu mi, ó ní, "Ìyá, bí ẹ kò bá lọ, ta ni yóò máa sọ ìtàn fún àwọn ọmọ yín lọ́nà?" Ìyá mi wo ilẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó tú eteetí ìró rẹ̀, ó ka 6,000 náírà sórí ẹní. Ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́." Báyìí ni owó náà ṣe pé 75,000, tí owó táyà sì di 8,500.

Àkọ́bí mi ni ó kọ òfin tí ó ti inú ìpàdé náà jáde sí ojú ìwé àkọ́kọ́: A kò gbọdọ̀ gé ènìyàn; nǹkan ni kí a gé. A sì gé nǹkan lóòótọ́. A gé aṣọ tuntun tí àwọn ọmọ ń retí; aṣọ ọdún tó kọjá ni a fọ̀. A gé ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Omi inú kẹ́ẹ̀gì ni a gbé, pẹ̀lú ọsàn láti ẹ̀yìnkùlé. A gé ayàwòrán, nítorí fóònù kan wà nílé. A gé ẹran sùyà ẹ̀bá ọ̀nà. Ọmọ wa tí ó kéré jù ní kí a gbé iyán lọ, ìyá mi sì dá a lóhùn pé lóòótọ́ ni iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ó wọ Sienna. Mọ́ín-mọ́ín inú ewé ni a sè, a sè iṣu, a dín ẹja àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, a sì di ẹ̀pà yíyan. Ní òru tí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò mọ́, gbogbo ilé ni ó wà nídìí ààrò. Bí ẹ bá bi mí, èmi a ní ìgbà náà gan-an ni eré ti bẹ̀rẹ̀.

Ìnáwó kan wà tí kì í ṣe ti owó. Àkókò ni. Kò sí ọmọ agbègbè wa tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, tí àwọn apànìyàn pa ọba alayé méjì lójú ọ̀nà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, tí wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùrè ní ọjọ́ kan náà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń ṣètò ìrìn-àjò tí kò fi wákàtí sínú ìṣirò rẹ̀ kò tíì ṣètò nǹkan kan. A kò kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń lọ tí ń bọ̀ ni a gbà: Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìfàkì, Adó. A kò wá ọ̀nà àbùjá nítorí epo. A sì pinnu pé bí agogo méjì ọ̀sán bá ti lù, bí eré náà dùn bí oyin, a ó gbéra, kí oòrùn lè bá wa nílé. Nítorí èyí kan náà ni a ṣe yọ ìtàkìtì omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ kúrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà sí Ìkógòsì. Ibi méjì ní ọjọ́ kan, ìkánjú ni yóò jẹ́ ní àwọn méjèèjì. Àti pé òkúta tí òjò ti rọ̀ sí kì í ṣe ibi tí à ń mú ìyá àgbà gùn.

Ọ̀nà náà dùn. Láti Adó a dorí kọ ìwọ̀ oòrùn, a gba Ìyìn àti Ìgèdè kọjá, òkè ń dìde lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Nígbà tí a sún mọ́ Arámọkọ, ìyá mi ní kí awakọ̀ rọra. Ó na ọwọ́ sí ìhà Òkè-Ìmẹ̀sí, ó ní níbẹ̀ ni Fábùnmi ti dìde sí ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn fi ń jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ogun Kírìjì fi bẹ̀rẹ̀, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà pa ọwọ́ pọ̀. Ó ní dídún ìbọn ńlá wọn ni a fi sọ ogun náà lórúkọ. Ó wá fi ẹnu ṣe é: "Kì-rì-jì!" Àwọn ọmọ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ọkọ̀ sì kún fún ariwo ìbọn títí a fi kọjá Ẹ̀rìnjìyàn. Mo ti kọ́ wọn ní ìtàn yìí nínú ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sùn.

Kí ni ó wà ní Ìkógòsì? Lábẹ́ igi ńláńlá, omi gbígbóná ń sun jáde láti inú ilẹ̀, ó sì ń ṣàn lọ. Omi tútù kan ń ti ibòmíràn ṣàn bọ̀. Wọ́n sún mọ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé, bí ènìyàn bá sì na ọwọ́ méjèèjì síbi ìpàdé náà, ọwọ́ kan yóò mọ ìlọ́wọ́ọ́wọ́, èkejì yóò mọ òtútù. Ní nǹkan bí ọdún 1952 ni òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, bẹ̀rẹ̀ sí tún àyíká rẹ̀ ṣe, tí òkìkí ibẹ̀ fi kàn. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ti mọ omi wọn kí ó tó dé. Wọ́n a máa sọ pé ìyàwó méjì ni omi méjèèjì, pé ọkọ kan ni ó fẹ́ wọn, pé èyí tí ó gbóná ni èyí tí inú rẹ̀ máa ń yára bí. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ìyàwó gbígbóná kí òun tó gbà á gbọ́.

Àwọn ọmọ wọ adágún tí wọ́n fi omi gbígbóná náà ṣe, èmi náà sì wọ̀ ọ́, nítorí mo ti pinnu pé n kò ní jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá mi jókòó sórí òkúta, ó bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Orúnkún tí kì í jẹ́ kí ó sùn ní òru ni ó ń bu omi sí. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ó ní, "Bí omi tí ìyá mi fi wẹ̀ mí nígbà tí mo bí ọ ni omi yìí ṣe rí." Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó rí èsì fọ̀. Nínú gbogbo ohun tí a kọ sínú ìwé ìṣirò, kò sí àyè tí a kọ èyí sí, bẹ́ẹ̀ ni 2,000 náírà ẹnu ọ̀nà tí a fẹ́ fi ṣọ́ra fún táyà ni ìbá gbé e lọ.

Agogo méjì lù. Àwọn ọmọ bẹ̀bẹ̀, mo kọ̀, a gbéra, oòrùn sì bá wa nílé. Táyà kò jò. Nínú 8,500, a fi 1,500 ra búrẹ́dì ní Adó, 7,000 padà wálé. Mo rò pé ọmọ wa kejì yóò ti gbàgbé kẹ̀kẹ́ Èkó. Kò gbàgbé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ó wá bá mi, ó ní omi náà dára gan-an, ṣùgbọ́n kò yí. Inú mi kò bàjẹ́ sí i. Ohun tí ọmọ fẹ́ ni ó fẹ́, Ìkógòsì kò sì wá láti di kẹ̀kẹ́. A fi 7,000 náírà náà sínú kólo tuntun, a kọ "Kẹ̀kẹ́" sí i lára, àpapọ̀ ilé ni yóò sì máa fi nǹkan sí i títí yóò fi tó. Bí ó bá tó, a ó lọ. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí Ìyá sí, àga tirẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ yín yóò di òbí láìpẹ́, àwọn mìíràn sì ti dà á. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí owó yóò pọ̀, nítorí ọjọ́ orí kì í dúró de owó. Ẹ má sì tìtorí ojú ayé lọ yá owó ṣeré, nítorí gbèsè a máa dé ilé kí àwọn ọmọ tó jí. Ẹ wo ibi tí ó wà nítòsí yín tí ẹ kò dé rí. Ẹ tẹ́ owó sílẹ̀ kí gbogbo ilé rí i. Ẹ ṣírò epo, ẹ ṣírò wákàtí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀. Ẹ gé gbogbo ohun tí ó ṣeé gé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan nínú ilé sọ pé "Ẹ yọ tèmi kúrò," ẹ tún ìṣirò náà ṣe. Ẹni tí ó bá tètè yọ̀ǹda àga rẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó ti ń yọ̀ǹda rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.